Ayélujára àti Ìwà Ọmọlúàbí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a parọ́ mọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: kí ni irọ́ náà yóò ti bàjẹ́ kí òtítọ́ tó bá a? Ní ayé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni irọ́ fi ń rìn láti ìlú dé ìlú, ẹsẹ̀ náà ni òtítọ́ sì fi ń lé e. Ní òde òní, irọ́ ti rí ohun gùn tí ó yára ju ẹ̀fúùfù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún náà, ọkùnrin kan tí ó ní àrùn Ebola lára wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Èkó láti Làìbéríà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, jìnnìjìnnì ti bo gbogbo ènìyàn, nítorí pé àrùn náà a máa pa ènìyàn kíákíá, kò sì sí oògùn tí a lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà nígbà náà. Bí ẹ̀rù ti gba ìlú kan báyìí ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri lórí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí olúkúlùkù bu iyọ̀ sí omi gbígbóná, kí ó fi wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Ebola kò ní lè mú un. Ìyá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọmọ, ọmọ fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n jí àbúrò lóru, àna pe àna. Ẹni tí ó gbà á kò dúró bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí wọ́n sì ti mu ún.

Iyọ̀ kò lè dá Ebola dúró rárá. Ẹ̀jẹ̀ àti àwọn omi mìíràn tí ń jáde láti ara ẹni tí àrùn náà ń ṣe ni ó ń gbé e kiri, kò sì sí ohun tí iyọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀ lè fi í ṣe. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àmujù lè ṣe ẹni tí ó mu ún ní jàǹbá, pàápàá jù lọ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìjọba kéde pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn dókítà sì kéde bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di mímọ̀ pé ìròyìn wà pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́, kò sì tó ogún ọdún tí ó fi bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti kú kò jí mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó tan irọ́ náà kálẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyá tí ó jí ọmọ rẹ̀ lóru kò fẹ́ pa á. Ìfẹ́ ni ó mú kí ó jí i. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá rí ewu níwájú, kí ó ké sí ará ilé rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn. Ìwà rere ni. Ìwà rere yìí gan-an ni irọ́ náà gùn bí ẹni gun ẹṣin, tí ó fi wọ ilé gbogbo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti ba ìwà wa jẹ́, pé ìwà àjèjì ni ó kó wọlé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ délẹ̀délẹ̀. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ìwà tí ó ti wà nínú wa tẹ́lẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gùn. Ìfẹ́ tí a ní sí ẹbí wa, ọlá tí ọkàn wa ń fẹ́, àti ohùn wa tí a fẹ́ kí ayé gbọ́: àwọn mẹ́ta yìí ni ẹṣin rẹ̀. Bí ìjánu bá wà lẹ́nu ẹṣin, yóò gbé wa dé ibi rere. Bí kò bá sí, ibi tí ó bá wù ú ni yóò gbé wa lọ.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a mọ bí ìròyìn ti ń rìn láàárín wa kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní ìgbà àwọn baba ńlá wa, bí ọba àti àwọn ìjòyè bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìlú sọ, akéde ni wọ́n máa ń rán. Akéde yóò lu agogo rẹ̀ kiri àdúgbò, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Gbogbo ìlú mọ ilé akéde, wọ́n sì mọ ẹni tí ó rán an. Bí ọ̀rọ̀ náà bá já sí irọ́, wọn kò ní wá ẹni tí wọn yóò bi léèrè tì.

Ní ọdún 1859, Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ní èdè wa. Ìwé ìròyìn pẹ̀lú ní ẹni tí a lè mú sí i: ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀, olóòtú yẹ̀ ẹ́ wò, ilé ìtẹ̀wé sì wà tí a lè tọ̀ lọ. Ní ọdún 1935, rédíò wọ Èkó. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé, púpọ̀ nínú ohun tí ó ń sọ ni ó sì ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Àwọn baba wa tẹ́tí sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, èyíinì ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gba èsì.

Orúkọ náà bá a mu ju bí àwọn tí ó sọ ọ́ ti lè rò lọ. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí awuyewuye lórí òmìnira ti dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn olórí ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bèèrè pé kí a fún òun láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ni ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a kò jẹ́ kí ó fèsì ṣe wá ẹnu tirẹ̀.

Àwọn òṣèré orí ìtàgé náà a máa kìlọ̀ fún ìlú. Ní ọdún 1964, Hubert Ògúńdé ṣe eré kan tí ó pè ní Yorùbá Ronú, nígbà tí ìjà òṣèlú ti pín ilé Yorùbá sí méjì. Inú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò dùn sí i, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ọdún 1966 ni a tó tú òfin náà. Ògúńdé kò fi ojú pamọ́ sọ̀rọ̀. Òun ni ó wà lórí ìtàgé, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, òun náà ni ó sì jìyà ohun tí ó sọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé a ó bi òun léèrè ọ̀rọ̀ òun, yóò rò ó kí ó tó sọ ọ́.

Nígbà tí fóònù alágbèéká tàn ká ilẹ̀ wa lẹ́yìn ọdún 2001, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ inú rẹ̀, a tún fún ohun tuntun náà ní orúkọ: ayélujára. Ayé ti lu já ara wọn. Ó dà bí ẹni pé a dá ihò sí gbogbo ògiri tí ó wà láàárín ilé kan àti èkejì, tí ẹni tí ó wà ní Ṣakí fi lè máa wo yàrá ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì wàyí. Olúkúlùkù ti di akéde, agogo sì wà nínú àpò olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n ta ni ó rán akéde yìí níṣẹ́? Bí ó bá sì purọ́, ilé ta ni a ó lọ?

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ọjà tuntun yìí ti ń tà. A kì í san kọ́bọ̀ kí a tó wọ Facebook tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, tàbí YouTube tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ olówó ńlá ni wọ́n. Níbo ni owó náà ti ń wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń polówó ọjà ni ó ti ń wá jù lọ, ohun tí àwọn wọ̀nyí sì ń rà ni ojú wa. Bí ojú wa bá ti pẹ́ tó lórí fóònù ni ìpolówó tí a ó rí ti ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ti ń wọlé tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà wọn láti máa ṣọ́ wa. Ó ń ka ohun tí a dúró wò, ohun tí a rẹ́rìn-ín sí, ohun tí ó bí wa nínú tí a fi fèsì. Irú rẹ̀ ni yóò sì tún gbé wá fún wa.

Ó dà bí oníṣòwò tí ó pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ó bá rí i pé ibi tí ènìyàn méjì ti ń jà ni èrò ń pọ̀ sí, ìdí ìjà ni yóò gbé àtẹ rẹ̀ lọ. Kò kórìíra àlàáfíà. Ibi tí èrò wà ni ó ń wá. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà yìí. Kò bèèrè pé, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí? Kò bèèrè pé, ó yẹ ọmọlúàbí bí? Iye ojú ni ó kọ́kọ́ ń kà. Ohun tí a bá sì ń kà lójoojúmọ́, tí a sì ń fi yin ènìyàn, kò ní pẹ́ di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò máa lé. Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wàyí.

Èkíní ni ìfẹ́ tí a ní sí ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ìfẹ́ yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ tàn kálẹ̀ ní òru kan. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n tọpa ìròyìn tí ó tó 126,000 tí àwọn ènìyàn bí mílíọ̀nù mẹ́ta pín kiri lórí Twitter láti ọdún 2006 títí dé 2017. Wọ́n rí i pé irọ́ yára ju òtítọ́ lọ. Àkókò tí òtítọ́ fi dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 1,500 tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tí irọ́ fi dé ọ̀dọ̀ iye ènìyàn kan náà. Wọ́n tún rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí; àwọn ènìyàn gan-an ni. Irọ́ a máa dùn létí bí ohun tuntun tí a kò gbọ́ rí, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ mú ohun tuntun wá a máa dà bí ọlọ́gbọ́n lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí irọ́ bá ti ọwọ́ àjèjì wá, a lè fura sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ọwọ́ ìyá wa wá lórí WhatsApp, ta ni yóò fura? Ibí yìí ni ìwà wa ti ń yí padà láìmọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ènìyàn bá mú ìròyìn wọlé, àgbà ilé a bèèrè pé, ta ni ó sọ fún ọ? Ojú rẹ ni ó ṣe ni, tàbí wọ́n wí ni? Ìbéèrè náà kì í ṣe àrífín. Ìjánu ẹṣin ni. Lórí fóònù, ìbéèrè náà ti di ohun ìtìjú. Ọmọ kò fẹ́ já ìyá rẹ̀ ní koro, ọ̀rẹ́ kò fẹ́ kí a sọ pé òun ń ṣe àṣejù. Bí a bá sì dákẹ́ títí, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn púpọ̀ bá ti gbé kiri ti di òótọ́ nìyẹn.

Èkejì ni ọlá. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí a yin òun. Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa jẹ, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́ wa láti máa yin olówó. Onílù ti ń lù fún olówó kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, àwọn olórin jùjú àti fújì sì ti dárúkọ ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ nínú àwo orin wọn. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ń ki ẹnì kan ní gbangba, ìlú mọ ilé tí ẹni náà ti jáde wá, wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí owó náà kò bá mọ́, àwọn àgbà a máa rọra yọ ọwọ́ ọmọ wọn kúrò nínú àwo rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aṣọ ni a ń rí, a kò rí ìdí òwò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ramon Abbas, ọmọ Èkó tí ayé mọ̀ sí Hushpuppi. Ó ń gbé ní Dubai, ó sì ń fi ọkọ̀ olówó iyebíye, aago wúrà àti aṣọ àrà hàn lórí Instagram. Àwọn tí ń tẹ̀ lé e níbẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ń gbàdúrà pé kí àwọn dà bí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020 ni ọlọ́pàá mú un ní Dubai, a sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ìdìtẹ̀ láti fọ owó jìbìtì mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́ta. Lára àwọn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lù ní jìbìtì ni oníṣòwò kan tí ń wá owó láti kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọdé ní Qatar. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni yìí ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Ẹ fi ọkàn ro èyí. Bí àwòrán aago kan bá jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé a fi àmì ìfẹ́ sí i. Wọn kò mọ̀ pé ilé ìwé àwọn ọmọ mìíràn lè wà nínú owó bẹ́ẹ̀. A kò lè sọ pé gbogbo wọn ni olè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti ń fi ìyìn fún ènìyàn kí a tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, a ti yí ìwọ̀n padà. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tí ó ń jí ní kùtùkùtù, yóò wo ara rẹ̀, yóò sì rò pé òun ni òmùgọ̀ inú ayé. Ewu tí ó wà níbẹ̀ nìyí: kì í ṣe pé ọmọ náà yóò jalè ní ọ̀la, ṣùgbọ́n pé ojú iṣẹ́ tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Yorùbá ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Orúkọ rere kì í sì í ṣe iye àwọn tí ó mọ̀ wá, bí kò ṣe ohun tí àwọn tí ó mọ̀ wá mọ̀ nípa wa.

Ẹ̀kẹta ni ohùn wa tí a fẹ́ kí ayé gbọ́. Níhìn-ín ni a ó ti rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé wa dé ibi rere. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kérora pé ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS ń fi ìyà jẹ àwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fún wọn ní rédíò láti fèsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n fi fóònù ọwọ́ wọn ké sí ara wọn ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abùjá àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, wọ́n sì jáde. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé a ti tú SARS ká. Àwọn ọ̀dọ́ dáwó jọ láti fi bọ́ ara wọn, láti fi tọ́jú àwọn tí ó fara pa, àti láti fi wá agbẹjọ́rò fún àwọn tí a mú. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan, Feminist Coalition, ń tẹ ìṣirò owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àwọn mìíràn ń gbá ojú títì lẹ́yìn ìwọ́de. Ta ni yóò sọ pé èyí kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí?

Ọ̀rọ̀ náà yọrí sí ìbànújẹ́ ní ogúnjọ́ oṣù náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbi ìwọ́de ní Lẹ́kí. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, irọ́ pẹ̀lú kò sinmi. Àwòrán àtijọ́ àti àwòrán ibòmíràn ń kiri bí ẹni pé ti ọjọ́ náà ni. Àwọn irọ́ wọ̀nyí kò ran olódodo lọ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́ ní àwáwí, kí wọ́n lè sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti fi òfin de Ògúńdé ní ìgbà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohùn òun wà láìsí ìdènà, kí ó kọ́kọ́ mú irọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí alátakò má baà rí ohun dì mú.

Kí ni a ó ṣe nígbà náà? Àwọn kan ní kí a gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ pátápátá. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ẹṣin lè gbé ènìyàn ṣubú kí a pa gbogbo ẹṣin. Àwọn ilé iṣẹ́ náà lè fi ìjánu tiwọn sí i bí wọ́n bá fẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, WhatsApp dín iye ibi tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí márùn-ún ní gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n tún dín ti ọ̀rọ̀ tí ó ti kiri púpọ̀ kù sí ẹyọ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ dín kù ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdádúró díẹ̀ ni ó ṣe gbogbo èyí. Bí ìdádúró ti ẹ̀rọ bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ìdádúró ti ènìyàn tí ó ní làákàyè?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè àwọn àgbà padà sí ẹnu yín. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ bèèrè pé, ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ǹjẹ́ ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i? Kí ẹ tó yin ènìyàn, ẹ bèèrè pé, iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe? Kí ẹ tó pariwo, ẹ bèèrè pé, ǹjẹ́ mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹni tí mo ń sọ ọ́ sí? Bí ó bá sì jẹ́ ìyá yín tàbí àgbà kan ni ó fi irọ́ ránṣẹ́, ẹ má ṣe dá a lóhùn ní gbangba bí ẹni ń bú u. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ ní: Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí a bi nọ́ọ̀sì léèrè ná. Ọ̀rọ̀ tútù bẹ́ẹ̀ kò tàbùkù àgbà, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

Ìtàn Ebola tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò parí sínú omi iyọ̀. Lẹ́yìn tí ìwádìí fi àrùn náà hàn, àwọn oníṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì ń wá àwọn tí ó ti súnmọ́ aláìsàn, títí wọ́n fi tọpa ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Fóònù wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn ni ó kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Fóònù kan náà tí ó gbé irọ́ ni ó gbé òtítọ́, ọwọ́ tí ó mú un ni ó yàtọ̀.

Òwe àwọn àgbà kò tíì kú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ṣì ni òtítọ́ yóò fi bá irọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀, àfi èyí tí a bá yá a. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọlé sórí fóònù yín ní alẹ́ òní, tí ìka yín sì ti ń lọ sórí rẹ̀ láti fi í ránṣẹ́, ẹ rántí omi iyọ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀.